Kí ló wà nínú 720 720 tó fi rọrùn pín tó bẹ́ẹ̀?

Ká ní ẹgbẹ́ èsúsú kan ní Àjàṣẹ́ ṣí àpótí wọn nígbà tí ọdún ń parí lọ, wọ́n ka owó inú rẹ̀, ó jẹ́ 720 720 sẹ́fà. Bí wọ́n bá jẹ́ méje, kálukú á gba 102 960. Bí wọ́n bá jẹ́ mọ́kànlá, 65 520 ni. Mẹ́tàlá ńkọ́? 55 440. Bí ẹgbẹ́ náà bá di mẹ́rìndínlógún, 45 045 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iye èèyàn yòówù kẹ́ ẹ mú, láti orí ẹnì kan títí dé mẹ́rìndínlógún, owó yìí á pín géérégé, sẹ́fà kan kò ní ṣẹ́kù tí wọ́n á máa jà lé lórí.

Ẹ wá yọ sẹ́fà kan péré kúrò, kó ku 720 719. Èèyàn méjì kò lè pín in mọ́. Mẹ́ta kò lè pín in, mẹ́rin kò lè pín in, bẹ́ẹ̀ ni títí dé mẹ́rìndínlógún. Ẹ fi sẹ́fà kan kún un dípò kẹ́ ẹ yọ ọ́, kó di 720 721, ibì kan náà lẹ máa bá ara yín.

Àwọn kan gbà pé nọ́ńbà ńlá máa ń rọrùn pín torí pé ó tóbi. Irọ́ ni. 720 719 náà tóbi, kò sì gbọ́ tẹnikẹ́ni. Ògiri méjì lè ga bákan náà kí bíríkì inú wọn má jọra rárá, bíríkì yẹn ni à ń wá níhìn-ín.

Ẹ kọ ọ́ dáadáa ná

Nílé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìkọ́ni, àyè lásán ni wọ́n ń fi sí àárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bí a ṣe ń kọ ọ́ nínú àlàyé yìí: 720 720. Kọ́mà ni tiwọn fi ń ya odidi kúrò lára ìdá. Ní Nàìjíríà, kọ́mà ló ń ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àmì tó-tò kékeré ìsàlẹ̀ (.) ló ń ya ìdá. Kétu kò jìnnà sí ẹnubodè, ìwé owó láti ìhà méjèèjì sì lè pàdé lórí tábìlì kan náà. Ẹni tó bá ka 720,720 bí wọ́n ṣe ń kà á lédè Faransé, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé ogún àti ìdá díẹ̀ ló máa rí.

Ti ẹ̀rọ ìṣirò ọwọ́ tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá tẹ 720.720 sínú rẹ̀, tẹ́ ẹ sì pín in fún 7, 102.96 ló máa gbé jáde. Ẹni tí kò bá fura á rò pé ọgọ́rùn-ún sẹ́fà ó lé díẹ̀ ló kan òun, nígbà tó jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ó lé ló yẹ kó gbà. Ńṣe ni kẹ́ ẹ tẹ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, láìfi àmì kankan sí àárín wọn.

Ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógójì, ogún mẹ́rìndínlógójì

Òǹkà àtijọ́ tiwa fi ohun kan hàn lára nọ́ńbà yìí tí kíkọ ọ́ ní fígọ̀ kì í jẹ́ kó hàn kíákíá. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20 000, iye owó ẹyọ tó ń kún àpò kan láyé ìjelòó. Ẹ ka 720 000 ní ọ̀kẹ́: ó jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Ó wá ku 720, ìyẹn okòólélẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ẹ ka òun náà ní ogún-ogún: ogún mẹ́rìndínlógójì ni. Nítorí náà 720 720 jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógójì pẹ̀lú ogún mẹ́rìndínlógójì.

Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ogún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Bí a bá fi ogún kan ṣoṣo lé e, ó di ogún lọ́nà 1 001, ìyẹn 20 020, a sì ní mẹ́rìndínlógójì irú rẹ̀: 36 × 20 020 = 720 720. 1 001 yẹn ni kẹ́ ẹ fojú sí, nítorí 7 × 11 × 13 = 1 001. Àwọn mẹ́ta tó máa ń dà wá láàmú jù nídìí pínpín, inú rẹ̀ ni wọ́n kó jọ sí. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà oní-fígọ̀ mẹ́fà èyíkéyìí tí mẹ́ta ti iwájú bá bá mẹ́ta ti ẹ̀yìn dọ́gba, bíi 358 358 tàbí 914 914, fi máa ń pín fún 7, fún 11 àti fún 13. Ẹ dán èyí tó bá wù yín wò.

Ọ̀nà yìí tún wúlò fún nọ́ńbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú 3 456 789. Ẹ gé e sí mẹ́ta-mẹ́ta láti ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ mú ti ọ̀tún pátápátá, ẹ yọ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kúrò, ẹ fi èyí tó tún tẹ̀ lé e kún un: 789 − 456 + 3 = 336. Nọ́ńbà kékeré yìí lẹ máa bi léèrè dípò ńlá yẹn. 7 pín 336 sí 48 láìṣẹ́kù, nítorí náà 7 pín 3 456 789 pẹ̀lú, 493 827 ló sì máa jẹ́. 11 fi 6 sílẹ̀ lára 336, 13 fi 11 sílẹ̀, àṣẹ́kù kan náà gẹ́lẹ́ ni wọ́n á fi sílẹ̀ lára 3 456 789. Bí ìyọkúrò bá jẹ́ òdo, bíi 720 − 720, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pín in. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gé e láti ọwọ́ òsì, kó gé e sí 345, 678 àti 9. Ìyẹn ti di nọ́ńbà mìíràn.

Fún 3 àti 9, ẹ ro àwọn fígọ̀ rẹ̀ pọ̀: 7 + 2 + 0 + 7 + 2 + 0 = 18. 9 pín 18, ó parí. Ìdí rẹ̀ ni pé 100 jẹ́ 99 àti 1. Bẹ́ẹ̀ ni 700 jẹ́ 99 lọ́nà méje, ó ku 7. Gbogbo 99 wọ̀nyẹn ti pín fún 9, kò sí ohun tá a tún fẹ́ fi wọ́n ṣe, 7 tó ṣẹ́kù nìkan la ní láti bójú tó. Fún 16, fígọ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn ti tó, torí 16 × 625 jẹ́ 10 000 gééré. 0720 ló wà níbẹ̀, 16 × 45 sì nìyẹn. Ẹ má fi ìdánwò ríro-fígọ̀-pọ̀ yìí dán 7 wò o. Kò bá a ṣiṣẹ́.

Bíríkì inú rẹ̀

Nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò sí ohun tó lè pín in ju 1 àti òun fúnra rẹ̀ lọ, ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní nombre premier: 2, 3, 5, 7, 11, 13, 17 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bíríkì la ó máa pè wọ́n níhìn-ín, torí àwọn la fi ń mọ gbogbo odidi nọ́ńbà tó ju 1 lọ, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì ní iye bíríkì tirẹ̀ tí kì í yí padà. Ti 720 720 nìyí:

2 × 2 × 2 × 2 × 3 × 3 × 5 × 7 × 11 × 13.

Ọmọ tó ti wọ collège ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ á ti gbọ́ PPCM rí, ìyẹn nọ́ńbà tó kéré jù lọ tí gbogbo àwọn tí wọ́n dárúkọ lè pín. 720 720 ni PPCM ti 1 títí dé 16. Òbí tó fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́ lè kọ́ ọ báyìí: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, kẹ́ ẹ máa béèrè lọ́wọ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pé, «Kí ló kù tí o nílò tí kò tíì sí nílẹ̀?»

2 dé, ó mú 2 wá. 3 dé, a di 6. 4 nílò 2 méjì, ọ̀kan ti wà, ó mú ọ̀kan sí i: 12. 5 mú 5 wá: 60. 6 dé, ó bá 2, ó bá 3, kò nílò nǹkan kan. 7: 420. 8 fẹ́ 2 mẹ́ta, ó fi ọ̀kan kún un: 840. 9 fẹ́ 3 kejì: 2 520. 10 kò mú nǹkan wá. 11: 27 720. 12 kò mú nǹkan wá. 13: 360 360. 14 àti 15 bá gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ nílẹ̀. Ó wá ku 16, tó ń fẹ́ 2 mẹ́rin nígbà tó jẹ́ pé mẹ́ta ló wà. Ó fi ọ̀kan lé e, 360 360 sì di 720 720. Kò sí bíríkì kankan níbẹ̀ tí a lè yọ kí ẹnì kan má ké, ohun tó jẹ́ kó jẹ́ èyí tó kéré jù lọ nìyẹn.

Ibi tí ọmọdé, àti àgbà náà, ti máa ń kọsẹ̀ ni pé wọ́n á sọ gbogbo wọn di púpọ̀: 1 × 2 × 3 títí dé 16. Lóòótọ́, èyí tó bá jáde á pín fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n 20 922 789 888 000 ni! Ẹ̀rọ ìṣirò oní-fígọ̀ mẹ́jọ tàbí méjìlá kò lè gbà á, àmì àṣìṣe ló máa fi hàn yín. Àṣejù tó wà níbẹ̀ ni pé 6 tún kó 2 àti 3 wá, 10 tún kó 2 àti 5 wá, nígbà tí wọ́n ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Ohun kan wà tí àpótí èsúsú máa fi hàn yín tí ìwé ìṣirò kì í sábà sọ. 5 kan ṣoṣo ló wà lára bíríkì yẹn. Bí èèyàn bá jẹ́ 5, 10 tàbí 15, pínpín yẹn ti gba 5 náà lọ, ohun tó sì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ní parí sí 0 tàbí 5 mọ́: 144 144, 72 072, 48 048. Owó ẹyọ sẹ́fà 1 wà lóòótọ́, àmọ́ ta ló ń rí i ná? Nítorí náà, ẹni mẹ́wàá á gba 72 070, sẹ́fà 20 á sì wà nílẹ̀, ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á gba 48 045, 45 á sì ṣẹ́kù. Fún iye èèyàn tó kù láti 1 dé 16, ẹyọ sẹ́fà márùn-ún ti kéré tó láti san gbogbo rẹ̀ pé.

Ọgbọ́n kan náà ló tú àṣìṣe mìíràn. 16 pín 720 720. Ṣé 16 lọ́nà 16, ìyẹn 256, á pín in? Ẹni tó mọ̀ pé ojú odù mẹ́rìndínlógún ló bí igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta odù lè yára sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó tì. 2 mẹ́rin péré ló wà, 16 sì ti kó gbogbo wọn lọ nígbà tó kọ́kọ́ pín in, ó ku 45 045, tí 2 ò tiẹ̀ lè pín. Bí ẹ bá fipá pín 720 720 fún 256, 80 ló máa ṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni 25 kò lè pín in torí 5 kan ló wà, 27 kò lè pín in torí 3 méjì ló wà.

Àwọn tó lè pín in jẹ́ mélòó?

Wọ́n jẹ́ 240. Kò sí ìdí láti kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ kọ́ olùpín kan kàn ní láti pinnu iye bíríkì tí òun á mú. Nínú 2 mẹ́rin, ó lè mú òdo, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀nà márùn-ún nìyẹn. Nínú 3 méjì, ọ̀nà mẹ́ta. 5, 7, 11, 13: ó mú un tàbí kò mú un, ọ̀nà méjì-méjì. 5 × 3 × 2 × 2 × 2 × 2 = 240. Ẹni tó bá gbàgbé pé «kò mú nǹkan kan» náà jẹ́ ọ̀nà kan, á sọ pé 4 × 2 × 1 × 1 × 1 × 1, á ní 8, á sì máa ṣe kàyéfì, nígbà tí 1 dé 16 nìkan ti jẹ́ mẹ́rìndínlógún.

Olùpín kọ̀ọ̀kan ní ẹnìkejì. Ká ní ẹ mú 2 mẹ́ta, 3 kan, 5 àti 7: 840 nìyẹn. Bíríkì tó kù nílẹ̀ ni 2 kan, 3 kan, 11 àti 13: wọ́n jẹ́ 858. Nítorí náà, 840 × 858 = 720 720. Nínú gbogbo ìbejì ọgọ́fà tó wà níbẹ̀, àwọn méjì yìí ló súnmọ́ra jù. 720 720 kò ní ìbejì tó dọ́gba, torí 848 × 848 kò tó o, 849 × 849 sì ti fi 81 jù ú lọ.

Kò sí odidi nọ́ńbà kankan tó kéré sí 720 720 tí olùpín rẹ̀ tó 240. Srinivasa Ramanujan, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, kọ iṣẹ́ gígùn jáde ní 1915 lórí irú nọ́ńbà báyìí, èyí tó ní olùpín ju gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Èyí tó tẹ̀ lé 720 720 nínú wọn ni 1 081 080, tí olùpín rẹ̀ jẹ́ 256. Kí babaláwo má fi ṣe àmì o, ó kàn bọ́ sí bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá sì ro gbogbo olùpín 720 720 pọ̀, láìka òun fúnra rẹ̀, 2 529 072 ni, ó ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ.

Àwọn aládùúgbò rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sí 720 719 àti 720 721. Níwọ̀n bí kò ti sí èyí tó lè pín wọn láti 2 dé 16, ọ̀pọ̀ á sọ pé bíríkì ni wọ́n. Àṣìṣe tó gbajúmọ̀ jù nìyí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: èèyàn á dán mẹ́wàá wò, ó sú u, ó fọwọ́ sí i. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀. 17 fi 4 sílẹ̀ lára 720 719. 19 fi 11 sílẹ̀. 23, 29 náà kọ̀. Nígbà tí 31 dé, ó pín in: 31 × 23 249. 23 249 fúnra rẹ̀ jẹ́ 67 × 347. Ti 720 721 le ju ìyẹn lọ, ó ń kọ̀ ṣáá títí ẹ ó fi dé 71: 71 × 10 151, níbi tí 10 151 ti jẹ́ bíríkì.

Ibo wá ni èèyàn ti lè dúró kó sì dá a lójú? Bí nọ́ńbà méjì bá bára wọn di 720 719, ọ̀kan nínú wọn kò lè ju 848 lọ, torí 849 × 849 ti jẹ́ 720 801. Bíríkì tó wà láti 2 dé 848 jẹ́ 146. Bí gbogbo wọn bá kọ̀ ọ́, a jẹ́ pé bíríkì ni nọ́ńbà náà, kò tún sí ohun tí à ń wá kọjá ibẹ̀.

PPCM lọ́jà

Ọjà Adjarra, lẹ́bàá Àjàṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ná an. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú lónìí, ìgbà wo ló tún máa bọ́ sí Àìkú? PPCM 4 àti 7 ni, ọjọ́ 28. Láàárín kan, á kọjá ní Ọjọ́bọ̀, Ajé, Ẹtì, Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, kó tó padà sí Àìkú. Ohun tó ń dojú ìṣirò yìí rú ni ọ̀nà tí a gbà ń ka ọjọ́. Ọrún la ń pè é, a sì máa ń ka ọjọ́ ọjà tòní mọ́ ọn, ó wá di márùn-ún. Ẹni tó bá fi 5 yẹn ṣe PPCM pẹ̀lú 7, ọjọ́ 35 ló máa ní, yóò sì gbé ọjà rẹ̀ dé ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàdógún: orúkọ rẹ̀ ń pe mẹ́tàdínlógún, ọjọ́ 16 ló wà láàárín ìkan àti èkejì. 16 àti 7, ọjọ́ 112. Bí a bá fẹ́ ka iye ọjọ́, a ó ka òní mọ́ ọn. Bí a bá fẹ́ ṣírò PPCM, àlàfo tó wà láàárín la ó mú.

Ká wá ní ẹnì kan tún wọ inú ẹgbẹ́ èsúsú wa, tí wọ́n di mẹ́tàdínlógún. 17 kò sí lára bíríkì 720 720, kò sì sí nọ́ńbà kankan láti 1 dé 16 tó lè yá wọn ọ̀kan. Kí owó tó lè pín fún gbogbo iye èèyàn láti 1 dé 17, ó gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́tàdínlógún ohun tó wà nílẹ̀, 12 252 240. Bí wọ́n bá pín 720 720 tó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kálukú á gba 42 395, sẹ́fà 5 á sì kù sínú àpótí.